Ìbámu Ọtí àti Oúnjẹ: Ògùrọ̀ Etikan àti Wáìnì Funfun Ìlú Nantes

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń wá ọ̀rọ̀-ìperí fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá ni ó gbà pé ibi tí iṣẹ́ náà ti le jù ni ọ̀rọ̀ iná mànàmáná àti ti ẹ̀rọ. Lójú tiwa, ohun jíjẹ àti ohun mímu le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí ni pé kò sí ẹni tí ó bá ọ̀rọ̀ iná mànàmáná nílẹ̀ nínú èdè wa. Ẹni tí ó dá a sílẹ̀ ni ó sọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ Yorùbá ni ó ti mọ ohun tí dídùn, kíkan àti funfun jẹ́ kí atúmọ̀ èdè tó dé, bí atúmọ̀ èdè bá sì fi wọ́n sí ibi tí kò yẹ, òdì ni àwọn ènìyàn yóò gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú gbólóhùn kan tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ará Faransé nípa ọtí wọn, pé wáìnì funfun tí kò dùn ni ó bá ẹja mu jù lọ. Bí a bá ka gbólóhùn yìí sí etí àgbàlagbà kan ní Etikan, ní etí òkun ilẹ̀ Ìlàjẹ, ó di dandan kí ó bi wá léèrè ìdí tí a fi ní láti fi ọtí tí kò dùn lọ àlejò. Yóò sì tún béèrè bí ọtí náà ti funfun tó, nítorí ọtí funfun ni òun náà ń mu láti ìgbà èwe rẹ̀. Ẹni tí ó mọ ọtí àti ẹja ni ó ń béèrè. Etikan jẹ́ ọ̀kan nínú ilẹ̀ ọba mẹ́rin tí ó para pọ̀ di Ìlàjẹ. Àwọn mẹ́ta yòókù ni Ugbo, Mahin àti Aheri. Omi ni ọ̀nà wọn, ẹja àti edé ni ọrọ̀ wọn, igi ògùrọ̀ tí ó ń hù nínú àbàtà olómi dídùn ẹ̀yìn etí òkun ni ó sì ń fún wọn ní ọtí. Nítorí náà, àpilẹ̀kọ yìí yóò fi ògùrọ̀ Etikan ṣe òṣùwọ̀n, yóò sì fi í wé wáìnì funfun kan tí òun náà jẹ́ ọtí ẹnu odò àti etí òkun, èyíinì ni Muscadet, tí wọ́n ń ṣe ní agbègbè ìlú Nantes ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, níbi tí odò Loire ti ń lọ bọ́ sínú òkun Àtìláńtíìkì.

Funfun

Wáìnì funfun kò funfun. Bí a bá bù ú sínú ife, ó mọ́ gaara, a lè rí ìka wa láti òdì kejì, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń fẹ́ jọ ti ewé tí ó ń pọ́n bọ̀. Ògùrọ̀ ni ó funfun ní tòótọ́, bí omi ẹ̀kọ. Ohun tí ó sì mú un funfun yẹ ní mímọ̀. Oje tí ó ń kán láti ara igi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ gaara nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde. Ìwúkàrà àti àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn tí wọ́n ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀nà ẹgbẹ̀rún ni wọ́n ń sọ ọ́ di funfun. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ń mu ògùrọ̀ ń mu oje, ó sì ń mu àwọn tí wọ́n sọ oje náà di ọtí pẹ̀lú.

Kí ni ó wá dé tí àwọn ará Faransé fi ń pe ọtí tiwọn ní funfun? Ìyàtọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi hàn láàárín òun àti èyí tí ó pupa. Omi inú èso àjàrà kì í sábà ní àwọ̀, ìbáà jẹ́ pé èèpo rẹ̀ dúdú. Inú èèpo ni àwọ̀ wà. Bí a bá fún èso náà tí a sì yọ èèpo rẹ̀ kúrò kíákíá, wáìnì funfun ni a ó rí. Bí a bá jẹ́ kí omi àti èèpo jọ wà pọ̀ títí omi náà fi di ọtí, yóò pupa. A kò lè sọ pé ẹni tí ó kọ "wáìnì funfun" ṣìnà, nítorí pé funfun, pupa àti dúdú ni òpó mẹ́ta tí èdè wa fi gbé gbogbo àwọ̀ ró. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, a dá a lábàá pé kí a máa pè é ní wáìnì aláìléèpo, kí èyí tí ó pupa sì jẹ́ wáìnì eléèpo. Orúkọ yìí sọ bí a ṣe ṣe é dípò bí ó ti rí, yóò sì wúlò fún wa níwájú, nígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ ẹja.

Dùn, kan, le

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ní ẹ̀gún jù. Nínú èdè Yorùbá, oyin dùn, ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé dùn, ìlù dùn, ìròyìn ayọ̀ náà sì dùn. Bí a bá wí pé ọtí kan kò dùn, a ti bú ẹni tí ó ṣe é. Ohun tí ará Faransé ní lọ́kàn ni pé kò sí ṣúgà nínú ọtí náà mọ́. Ọ̀rọ̀ tí òun ń lò fún un túmọ̀ sí "gbígbẹ," àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ̀ lé e. A ti gbọ́ tí àwọn kan ń pè é ní "ọtí gbígbẹ". Kí ni ọtí gbígbẹ lè jẹ́ lójú Yorùbá, bí kò ṣe agbè tí a gbàgbé sínú oòrùn?

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú agbè ògùrọ̀, bóyá a ó rí ọ̀rọ̀ tí ó dára jù. Igi ògùrọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀pẹ nínú ìwà. Ọ̀pẹ a máa yọ òdòdó lọ́dọọdún. Irú igi ògùrọ̀ tí wọ́n ń dá jù, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Raphia hookeri, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó máa ń yọ òdòdó ní ayé rẹ̀. Bí ó bá so èso tán, ó kú. Ní gbogbo ọdún tí ó fi ń dàgbà, ó ń kó oúnjẹ jọ sínú ara nítorí ọjọ́ kan yẹn. Ẹni tí ó ń dá ògùrọ̀ mọ àkókò náà. Ó gun igi lọ bá ọ̀mùnú orí rẹ̀ kí òdòdó tó yọ, ó gé e, ó gbé agbè sí i, oje tí igi náà ti kó jọ fún ọmọ rẹ̀ sì ń kán fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ṣúgà inú oje náà lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀.

Kí agbè tó sọ̀ kalẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀. Ìwúkàrà tí ó ṣẹ́kù sára agbè, àti èyí tí afẹ́fẹ́ àti kòkòrò gbé wá, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ṣúgà, wọ́n ń yọ ọtí àti gáàsì sílẹ̀. Gáàsì yìí ni ó ń mú ẹmu hó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olumbe Bassir ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tọpa iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ wa, ní nǹkan bí ọdún 1962. Ní òwúrọ̀, ògùrọ̀ dùn bí oyin tí a pò mọ́ omi. Ní ọjọ́ kejì, púpọ̀ nínú ṣúgà rẹ̀ ti tán, ọtí inú rẹ̀ sì lè tó ìdá mẹ́ta sí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá tún pẹ́ sí i, àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọtí náà fúnra rẹ̀ di ásíìdì, yóò sì kan gógó.

Báwo ni kí a ṣe pe iṣẹ́ tí ìwúkàrà ń ṣe yìí? Ìlànà ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ yóò fún wa ní "ìdọtí" láti ara "di ọtí". Ẹ kíyè sí ewu tí ó wà níbẹ̀! Bí akọ̀wé bá ṣèèṣì fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ kan sí i, ẹ̀gbin ni ó kọ. Nítorí náà, ìsọdi-ọtí ni a ó máa lò, kí a sì fi àmì àárín náà sí i nígbà gbogbo kí ojú má baà kà á ní òdì. Ọtí tí ìwúkàrà ti jẹ gbogbo ṣúgà inú rẹ̀, èyí tí àwọn aládùúgbò wa ń pè ní gbígbẹ, a ó pè é ní ọtí ajẹṣúgàtán. Orúkọ náà gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò bú ẹnikẹ́ni.

Ó ku kíkan. Àwọn amẹmu a máa sọ pé ẹmu ti kan nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ pé ó ti ní agbára, wọ́n a sì tún máa sọ ọ́ nígbà tí ó ti bàjẹ́. A kò gbọdọ̀ da méjèèjì pọ̀ nínú sáyẹ́ǹsì. Kí "le" dúró fún ọtí, kí "kan" sì dúró fún ásíìdì. Ogún kan tí a ti ní tẹ́lẹ̀ ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín: àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá pe ohun tí àwọn Faransé ń pè ní vinaigre ní ọtí kíkan. Bí a bá sì tú vinaigre palẹ̀ ní èdè Faransé, vin ni ọtí, aigre ni kíkan. Àwọn méjèèjì kò rí ara wọn, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Nínú ásíìdì tí ó wà nínú ògùrọ̀, méjì ni ó ṣe pàtàkì: ọ̀kan ni ó ń mú ògì kan, a lè pè é ní ásíìdì ògì, èkejì ni ásíìdì ọtí kíkan. Ti Muscadet yàtọ̀, láti inú èso àjàrà fúnra rẹ̀ ni púpọ̀ nínú ásíìdì tirẹ̀ ti wá.

Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ Muscadet

Irú àjàrà kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Melon de Bourgogne ni wọ́n fi ń ṣe Muscadet. Nígbà òtútù líle ọdún 1709, àjàrà agbègbè Nantes kú lọ bẹẹrẹ, Melon sì ni wọ́n gbìn káàkiri lẹ́yìn náà, nítorí ó lè fara da òtútù. Láti ọdún 1936 ni òfin ilẹ̀ Faransé ti ń dáàbò bo orúkọ Muscadet Sèvre-et-Maine. Ohun tí ó jẹ́ kí a yan wáìnì yìí ju òmíràn lọ ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tọ́jú irú rẹ̀ kan, tí wọ́n ń pè ní sur lie. Nígbà tí ìsọdi-ọtí bá parí, ìwúkàrà tí ó ti kú a rọ̀ sí ìsàlẹ̀ àgbá. Ọ̀pọ̀ onílé ọtí a máa tètè da ọtí kúrò lórí rẹ̀. Àwọn ará Nantes kì í dà á. Wọ́n á fi ọtí náà sílẹ̀ lórí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù. Èyí ń fún un ní ara, ó sì ń jẹ́ kí gáàsì díẹ̀ ṣẹ́kù nínú rẹ̀ tí yóò máa ta ahọ́n pẹ́pẹ́.

Kò sí ìdí tí a fi ní láti wá ọ̀rọ̀ tuntun fún lie. Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Ọtí orí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ sì ni Muscadet sur lie. Ẹni tí ó ti mu ògùrọ̀ tí ó ń ta ahọ́n, tí ó sì ti bá gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ pàdé ní ìdí agbè, mọ ohun tí à ń sọ ju ọ̀mọ̀wé tí ó kà á nínú ìwé lọ.

Ìbámu

"Bá mu" jẹ́ ẹ̀bùn tí èdè wa fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Bí aṣọ bá bá ènìyàn mu, ó yẹ ẹ́. A ó máa lo ìbámu fún ọ̀nà tí ọtí kan fi yẹ oúnjẹ kan. Ṣùgbọ́n kí a tó lọ síwájú, ó yẹ kí a sọ pé àṣà méjèèjì kò dọ́gba. Omi ni Yorùbá fi ń jẹun. Ọtí ń bọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, tàbí kí ó wá pẹ̀lú ìpápánu bí ẹran àti ẹja yíyan. Ará Nantes a gbé ife sí ẹ̀gbẹ́ àwo. Nítorí náà, nígbà tí a bá sọ pé ògùrọ̀ bá ẹja mu, ìpápánu ni kí ẹ fi sọ́kàn, kì í ṣe òkèlè.

Èé ṣe tí ọtí tí ó kan díẹ̀ fi bá ẹja mu? Ẹja òkun ní ohun kan nínú ara rẹ̀ tí ó fi ń kojú iyọ̀ omi òkun. Bí ẹja náà bá kú, àwọn kòkòrò àìfojúrí a sọ nǹkan yìí di òmíràn tí ó ń fò lọ sí imú, òun ni a mọ̀ sí òórùn ẹja. Ásíìdì a máa so ó mọ́lẹ̀, a sọ ọ́ di irú iyọ̀ kan tí kò lè fò mọ́. Ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe nìyí nígbà tí wọ́n bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí ẹja kí wọ́n tó sè é. Ẹja odò kò ní púpọ̀ nínú nǹkan yìí. Òórùn ẹrẹ̀ ni ó sábà ń yọ ọ́ lẹ́nu, ásíìdì sì ń dín ìyẹn náà kù. Bẹ́ẹ̀ ni Muscadet ṣe bá àwọn ẹran inú ìkarahun tí wọ́n ń jẹ ní tútù ní Nantes mu, tí ó sì bá ẹja odò Loire tí wọ́n fi ọbẹ̀ bọ́tà àti ọtí kíkan sè mu. Ásíìdì a gé ọ̀rá bọ́tà náà kúrò lórí ahọ́n, a sì mú kí itọ́ jáde.

Wáìnì eléèpo kò lè ṣe èyí dáadáa. Láti inú èèpo ni ohun tí ó ń fún ẹnu pọ̀ bí obì ti ń wá. Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Jàpáànù tún fi hàn pé irin tíntìntín tí ó wà nínú wáìnì ni ó máa ń ru òórùn ẹja sókè ní ẹnu, ó sì sábà máa ń pọ̀ jù nínú èyí tí ó pupa. Ògùrọ̀ kò ní èèpo àjàrà kankan. Ọtí aláìléèpo ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ní Etikan, ohun kan wà tí kò sí ní Nantes, èyíinì ni ata. Oró ata kì í yọ́ dáadáa nínú omi, ọtí tí ó le a sì máa mú kí ó jó ẹnu sí i. Muscadet le tó nǹkan bí ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì ní ṣúgà tí yóò pẹ̀tù sí i. Bí a bá gbé e ka iwájú ọbẹ̀ ẹja aláta, ìjà ni yóò dá sílẹ̀. Ògùrọ̀ òwúrọ̀, tí kò tíì le, tí ṣúgà rẹ̀ ṣì pọ̀, ni ó bá ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀ mu. Ní tiwa, a ó fi ògùrọ̀ ọjọ́ kejì ti ẹja tí a fi èéfín yan àti edé gbígbẹ, nítorí pé iyọ̀ àti èéfín ń fẹ́ kíkan. Akàn tí a bọ̀ láìfi ata sí i ni a ó gbé fún Muscadet, kí ó tutù díẹ̀, àjèjì náà kò sì ní kùnà. Ọbẹ̀ marúgbó, ọbẹ̀ dúdú tí àwọn Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ fi ewé tí ń jẹ́ orúkọ náà sè, kò bá wáìnì kankan mu lójú tiwa. Òórùn ewé rẹ̀ a bo ọtí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́lẹ̀. Púpurú tí wọ́n ń fi jẹ ẹ́ sì ti gba kíkan láti inú ẹ̀gẹ́ tí a rẹ, ó tún ti gba èéfín lórí iná. Omi ni kí a fi jẹ ẹ́, kí ògùrọ̀ dúró de ìgbà tí a bá ṣan ọwọ́ tán.

Ìsèkán àti oró afọ́nilójú

Ibì kan ṣì wà tí ọtí méjèèjì ti jọra. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Họ́láńdì ń ra wáìnì funfun agbègbè Nantes láti sè é di ọtí líle. Ní ọ̀rúndún tí ó tẹ̀ lé e, Nantes di èbúté tí ó kó ẹrú jù ní ilẹ̀ Faransé, ọtí líle sì wà lára ọjà tí ọkọ̀ wọn ń kó wá sí etí òkun wa, títí dé Ouidah, láti fi ra ènìyàn. Ní Ìlàjẹ, ògùrọ̀ tí ó ti le ni wọ́n ń dà sínú àgbá irin, tí wọ́n ń dáná sí ìdí rẹ̀. Ooru rẹ̀ a gba inú ọ̀pá kọjá nínú omi tútù, a sì máa kán ní ògógóró. A dá a lábàá pé kí a máa pe iṣẹ́ yìí ní ìsèkán, nítorí pé a sè é, ó sì kán. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de ìsèkán yìí nígbà tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọtí líle tiwọn ń gúnlẹ̀ ní èbúté Èkó.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, tí kò jìnnà sí Ìlàjẹ, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn ènìyàn, ojú wọn ń ṣú, wọ́n ń dákú. Ó lé ní mẹ́wàá tí ó kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn kan sọ pé òòṣà ni ó ń jà. Àwọn mìíràn sọ pé oògùn apakoríko ni. Nígbà tí àyẹ̀wò jáde, mẹ́tánọ́ọ̀lì ni ó wà nínú ara àwọn aláìsàn, láti inú ọtí tí wọ́n mu. Mẹ́tánọ́ọ̀lì jọ ẹ́tánọ́ọ̀lì, tí í ṣe ọtí gan-an, ní àwọ̀ àti ní òórùn. Ìwọ̀nba kékeré rẹ̀ a máa jẹ yọ nínú ọtí láìsí ìpalára, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dà á mọ́ ọtí láti fi bù ú kún, ara a sọ ọ́ di ásíìdì kan tí ó ń pa iṣan ojú kí ó tó pa ènìyàn.

Bí àwọn orúkọ méjì yìí bá wọ inú èdè wa bẹ́ẹ̀, ìró kan ṣoṣo ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni yóò ya ìyè sọ́tọ̀ kúrò lára ikú, fún ẹni tí ó ń gbọ́ ìkìlọ̀ lórí rédíò tàbí láti ẹnu alágbàtà. Èyí kò tó. A kò sì fara mọ́ ọn pé kí a máa pe mẹ́tánọ́ọ̀lì ní irú ọtí kan, gẹ́gẹ́ bí ìwé kẹ́mísírì ti ń ṣe, nítorí pé Yorùbá ń mu ohun tí ó bá ń jẹ́ ọtí. Kí ẹ́tánọ́ọ̀lì máa jẹ́ ògidì ọtí. Kí mẹ́tánọ́ọ̀lì máa jẹ́ oró afọ́nilójú, nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́, lára àgbá tí a fi ń gbé e, àti ní ẹnu nọ́ọ̀sì tí yóò bi ẹni tí ojú rẹ̀ ṣàdédé ń ṣú léèrè ohun tí ó mu ní àná.